Mo Dọ̀bálẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìfojúsọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Fúnmiláyọ̀, àti ọkọ wọn, àti àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, lẹ́yìn tí gbogbo ayé bá ti kà á tán nínú ìwé ìròyìn. Ẹ má bínú. Ohun tí mi ò lè sọ lórí fóònù ni mo kọ síbí.

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Òjò Port Harcourt kò mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń san owó oṣù fún. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan, ẹ fi ra oògùn Bàbá ná.

Màmá, nígbà tí àwọn Yorùbá tí a jọ ń gbé ní D-Line kó lọ tán, tí àwọn kan gba Kánádà lọ, tí àwọn yòókù padà sí Ìbàdàn, ẹ ní kí n má dá gbé, kí n wá ènìyàn, torí pé ènìyàn laṣọ. Mo gbọ́ràn. Mo rí àwọn kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ láràárọ̀ Sátidé. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí Bàbá fi ń lọ oko ni mo ń sọ o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò níbí. Aránṣọ kan tó ń jẹ́ Ibinabo ló mú mi wọ ẹgbẹ́ náà. “My Yoruba” ló ń pè mí. Bí mi ò bá yọjú, yóò pè mí, yóò ní ṣé kò sí o. Nínú gbogbo ìlú yìí, òun nìkan ló ń béèrè mi.

Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn lọ ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ wọ irú bàtà wọn. Irin kékeré kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ọ̀hún, òun ló ń há sínú pẹ́dà tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Bó bá ti ró kàà, ẹsẹ̀ ti há nìyẹn. Ẹ ní láti yí gìgísẹ̀ síta kó tó jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti yọ ọ́ kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Èmi a kọ́kọ́ dúró ná, kí n tó rántí ẹsẹ̀. Mo ṣubú níwájú ọlọ́pàá. Mo ṣubú ní ìkóríta, àwọn ọlọ́kọ̀ ń kí mi pé sorry o, Oga Bicycle. Mo tún ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò dí mi lọ́nà. Ibinabo a rẹ́rìn-ín títí, a wá ní kí n comot leg before I stop. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Mo rò pé mo ti di ara wọn.

La bá gbéra lọ sí Isiokpo, ìlú kan lẹ́yìn Port Harcourt. Bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa, olóyè ará ibẹ̀, dúró lẹ́nu géètì rẹ̀ láti kí wa bí a ṣe ń kọjá. Àwọn tó ṣáájú juwọ́ sí i, wọ́n kígbe pé Chief, morning o, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ó wá kàn mí. Irun rẹ̀ funfun bíi ti Bàbá. Màmá, ṣé èmi ni n óò jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí n máa juwọ́ sí àgbàlagbà bí ẹni ń lé eṣinṣin? Ara mi ò tiẹ̀ bi mí léèrè. Mo fa bíréèkì, mo tẹ̀ síwájú láti dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ara mi ló lọ, àyàfi ẹsẹ̀.

Ibinabo ló wà lẹ́yìn mi. Ó kọlù mí, ó fọwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà sì kán. Ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ ni.

Olóyè náà ń bi mí pé ta ló ní kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ sì kọ́ mi dáadáa. Mi ò dá yín lẹ́bi.

Mo bẹ Ibinabo nílé ìwòsàn, mo tún bẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kò burú, God dey. Ṣùgbọ́n “sir” ló ń pè mí báyìí. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Sátidé tó kọjá, mo wọ bàtà náà, mo lọ síbi tí a ti máa ń pàdé lọ́nà Iwofe. Mo dúró títí oòrùn fi mú. Ẹnì kan ò dé, olórí wa ò sì gbé fóònù. Ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò níbẹ̀ ló ṣàánú mi. Ó ní wọ́n ti yí ibi ìpàdé padà tipẹ́, àbí dem no tell me? Mo ní wọ́n sọ fún mi, èmi ni mo gbàgbé.

Màmá, wọn ò sọ fún mi. Mi ò sì ní agbára àtitún wá ẹlòmíràn. Ó ti sú mi. Bí ẹ bá pè mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ kàn máa ròyìn àdúgbò fún mi, ta ló kọ́lé, ta ló bímọ, n óò máa gbọ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, yóò fún Bàbá ní àlàáfíà. Kí ohùn ènìyàn má ṣe wọ́n nínú ilé yín láé.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé