Òmìrán Dá Bàbá Lóhùn

Igbó-Ọrà

Ìsmáílà, àbúrò mi,

Àsàlámù àlékùn. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ìlú òyìnbó ibẹ̀ kò ní pa yín o. Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn déédéé. Orúnkún ṣì ń dun Bàbá, wọn ò lè dé oko ẹ̀gẹ́ ní Lánlátẹ̀.

O ní kí n sọ bí mo ṣe rí ìwé eré àtijọ́ tí o fi ránṣẹ́, èyí tí a ti ń ju dáìsì, tí a ń ṣe bí ẹni tó wọ inú ihò lọ wá ìṣúra. Ó dùn, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ràn ìjà jù. Èmi àti Bàbá la jọ ṣe é: èmi ń ka ìwé, àwọn ni àlejò tó fẹ́ wọ ihò. Òmìrán kan ló dúró sẹ́nu ihò pẹ̀lú kùmọ̀. Mo ní kí Bàbá fa idà yọ. Wọ́n wò mí bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

"Kí n dé ilé onílé, kí n máa fa idà? Àsàlámù àlékùn o, onílé. Ẹ kú ilé."

Mo wo òfin. Ó ní tí àlejò bá sọ̀rọ̀ dáadáa, kí a ju dáìsì méjì; bí iye rẹ̀ bá pọ̀, onílé á gbà á. Mo jù ú: mẹ́fà méjì! Òmìrán kí Bàbá padà, ó yà lọ́nà fún wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tó yá, wọ́n bi mí pé, "Làtíífàt, ṣé o ń bá mi kí Ìsmáílà?"

Láti ọdún méjì tí ìwọ àti Bàbá ti jà lórí ilẹ̀ yẹn, gbogbo ìkíni wọn ni mo ń jẹ́ fún ọ, o ò sì kí wọn padà rí.

Bá wa wá òróró ìpara fún orúnkún Bàbá. Ọlọ́run á tọ́jú yín. Ṣùgbọ́n pe Bàbá, àbúrò mi. Òmìrán inú ìwé dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Làtíífàt