Omi Tí Mi Ò Mu Lọ́nà Udaipur

Ẹ̀yìn Ọjà Àwọn Amọ̀kòkò,
Udaipur, Rajasthan.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2009.

Ẹ̀gbọ́n mi Sugna,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọmọ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Orúnkún ìyá wa ńkọ́? Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ àbí kò tíì bí? Ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi o, ẹ mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé.

A ti dé ọ̀dọ̀ bàbá Gomti níbi tó ti ń ṣe bíríkìlà. Èmi àti ọmọ wà láàyè. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ kí àyà yín má baà já, torí ohun tójú mi rí lọ́nà kì í ṣe kékeré.

Ìdájí la kúrò ní Jodhpur. Bàbá ọkọ mi jókòó níwájú pẹ̀lú Bhanwarji tó ni jíìpù, èmi àti Gomti wà lẹ́yìn láàárín àwọn àpò ọkà. Mo da aṣọ bojú dé àyà. Látinú aṣọ pupa yẹn ni mo ti rí odi ọba lórí àpáta, àfi bíi pé òkè fúnra rẹ̀ ló kọ́lé. Mo gbàgbé láti mí.

Ẹ mọ̀ bá a ṣe ń ṣe tá a bá ń bá bàbá ọkọ rìnrìn àjò. Láti àná mi ò fi omi kan ẹnu, kí n má baà máa wá ibi tí màá ti tọ̀. Ta ni màá sọ fún, nígbà tí ìyàwó kì í bá bàbá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ọdún méjì tí mo ti wọlé wọn, bàbá ò gbọ́ ohùn mi rí.

Nígbà tí oòrùn mú, Gomti ń sunkún. Mo fún un lọ́yàn, ó fà á títí, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò wojú mi mọ́. Mo mi ẹ̀gbà ọwọ́ mi bá a ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n lè bojú wẹ̀yìn. Rédíò ń pariwo, Bhanwarji ń bá a kọrin. Mo tún mì í. Wọn ò gbọ́.

Ni mo bá lanu: "Bàbá! Ẹ dúró! Ọmọ yín ń kú lọ!"

Jíìpù dúró gbì. Bàbá kàn ń wo iwájú bí ẹni tó gbọ́ tí òkú sọ̀rọ̀. Abúlé àwọn Bishnoi la wà, àwọn tí kì í gé igi, tí kì í pa ẹran. Mo sáré lọ bá obìnrin kan lábẹ́ igi. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ àgbọ̀nrín ló ń fún lọ́yàn! Ẹran ìgbẹ́, ó ń mu ọyàn èèyàn, ó ń ju ìrù! Obìnrin náà ò bi mí ní orúkọ, kò bi mí ní ìran. Ó gba Gomti, ó fi ọyàn kejì sí i lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, mò ń wo ọ̀fun ọmọ mi. Ó pẹ́. Ó wá gbé mì.

Obìnrin náà bi mí: "Omi wo lo mu lónìí?"

Mo ní mi ò mu. Mo fojú tọ́ka sí jíìpù.

Ó pòṣé. "Ọ̀dẹ̀ ọmọ. Kànga tó gbẹ, ta ló ń fa omi níbẹ̀?" Ó gbé ìkòkò wàrà kíkan fún mi, ó ní tí mi ò bá mu ún tán, òun ò ní dá ọmọ padà. Ló bá kígbe sí àwọn ọkùnrin: "Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ dúró yẹn, ṣé ẹ̀yin nìkan ni ìtọ̀ ń gbọ̀n láyé ni?"

Bàbá ọkọ mi kọjú sí igi, wọ́n ń fi láwàní nu ojú.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la dúró lẹ́yìn ìyẹn. Bhanwarji ń ráhùn: "Ṣé Udaipur là ń lọ, àbí à ń wọn igbó?"

Bàbá ní, "Wakọ̀ ẹ, jàre. Ọmọ mi mu omi."

Ọmọ mi! Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o.

Nígbà tá a gun àwọn òkè, mo ká aṣọ bojú sókè dé imú. Àwọn ọ̀bọ jókòó létí ọ̀nà bí àna tó ń retí oúnjẹ. Ìgbà tá a dé, mo rí adágún omi, ààfin funfun dúró láàárín rẹ̀, kò rì. Mi ò mọ̀ pé omi lè pọ̀ tó báyẹn láyé. Gomti ń mu ọyàn lọ lábẹ́ aṣọ mi.

Tí ẹ bá ń bọ̀ wá wò wá, ẹ mumi yó kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹni tó bá ń wakọ̀, kó dúró.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ má sọ fún ìyá wa pé mo pariwo mọ́ bàbá ọkọ mi o.

Èmi àbúrò yín tẹ́ ẹ pọ̀n dàgbà,
Dhapu.