Ìrìn Abẹ́òkúta Tí Ẹ Kò Lọ

Shukurat ló kọ́kọ́ sọ fún mi, Bàbá Moyin. Ó wá láti yàrá rẹ̀ tó kọjú sí tiwa, ó ní òun rí Moyinolúwa ọmọ wa lórí kẹ̀kẹ́ ológeere yín ní GRA Ìkẹjà láàárọ̀ Sátidé, tó ń làágùn, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ náà ti forúkọ sílẹ̀ fún ìrìn Abẹ́òkúta, èyí tí ẹ̀yin náà forúkọ sílẹ̀ fún nígbà ayé yín. Ńṣe ni mo jókòó.

Ọdún márùn-ún rèé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Moyin ti jáde ní pólì, ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú, kò jìnnà sí ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà ti ṣiṣẹ́. Ilé tí ẹ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ti ní òrùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì kó lọ. Èmi náà ti mọ̀wé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí.

Mo rántí bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ yẹn, ẹ ní ẹ fẹ́ bá àwọn tó ń kóra jọ ní Ìkẹjà lóṣù kọkànlá gùn ún dé Abẹ́òkúta. Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti kékeré! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ ẹ̀bà yó kí ẹ tó gbéra, ẹ sì bì í sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ọ̀gbà. Ẹ so fóòmù mọ́ ìjókòó rẹ̀ nítorí ìdí tó ń ro yín. Èmi ń fi àbóníkí ra yín lẹ́sẹ̀, mo sì ń bú yín bí mo ṣe ń rà á. Àwọn mẹ́gáàdì GRA ń bi yín pé ṣé ọmọ yín mọ̀ pé ẹ ti gbé kẹ̀kẹ́ òun. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù tírélà ọ̀nà Abẹ́òkúta sì ń bà mí.

Nílé bàbá yín ní Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá ti gbéra ìrìn-àjò, wọn kì í pè é lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é, ó gbọ́dọ̀ padà, kò sì ní lọ mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo mọ èèwọ̀ yìí, Bàbá Moyin. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì lò ó fún yín. Ẹ ti dé ẹnu géètì láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn Abẹ́òkúta, ẹ ti dé akoto, nígbà tí mo pariwo pé, “Job! Job Oyèkànmí!” Èmi tí n kò forúkọ pè yín rí láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kò bá mi jà. Ẹ ní, “Fúnmi, o ti pè mí nìyẹn,” ẹ sì fi akoto kọ́ ìṣó.

Oṣù kan péré lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò mọ̀ pé ẹ ní mú yín lọ. Shukurat máa ń sọ pé bóyá Ọlọ́run ló lò mí, pé ojú ọ̀nà ni ì bá ti ká yín mọ́. Bóyá. Ìyẹn kò pa ohun tí mo ṣe rẹ́.

Ìwé kan wà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo rò pé ìwé ṣíìfù ilé-iṣẹ́ yín ni. Àtàǹpàkò ni mo fi tẹ ìwé tí wọ́n fún mi ní ọsibítù lọ́jọ́ tí ẹ lọ, ojú sì tì mí débi pé mo wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mo kọ́kọ́ dá kà nílé. “Ọ̀sẹ̀ kìíní, Ìfàkò dé GRA. Má jẹ ẹ̀bà. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ìfàkò dé Ọ̀tà. Mu omi kí òùngbẹ tó dé.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá dé ìlà ìkẹyìn: “Abẹ́òkúta. Kí n wá mọ́tò tí yóò gbé Fúnmi lọ, kó lè dúró dè mí.”

Háà, Bàbá Moyin! Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn tí mo ń tì í, n kò mọ̀ pé orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé yẹn ni mo já fún Moyin nígbà tí Shukurat sọ̀rọ̀ tán. Èmi ni mo ń kà á sí i létí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sì dé Abẹ́òkúta lóṣù tó kọjá. Ọkọ Shukurat ló gbé mi lọ, mo dúró dè é. Nígbà tí mo dì mọ́ ọn, mo ṣì ń wo ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé ó ku ẹnìkan. A kò gbàgbé yín. Ìfẹ́ yín kò dín lọ́kàn wa, Bàbá Moyin, kò dín rárá.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Moyin gbé kẹ̀kẹ́ yín dé ẹnu géètì, ó dé akoto yín. Ó dúró. Ó ní, “Màámi, ẹ ò ní pè mí?”

Mo ní kó máa lọ.

Bó ṣe gbéra, tírélà kan fọn fèrè ní títì, orúkọ rẹ̀ sì sáré dé ẹnu mi. Mo ki etí gèlè mi bọnu, mo deyín mọ́ ọn. Ọmọ yín yà sí títì, ó ń lọ, kò bojú wẹ̀yìn.