Kọ̀ǹpútà Yín Ò Yéé Gbóná

Bàbá mi ọ̀wọ́n, kóòṣì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Kọ̀ǹpútà yín ń gbóná. Mi ò sọ pé ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ o. Ó ń gbóná débi pé bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e, kíá lẹ máa gbé e kúrò. Á ṣiṣẹ́ díẹ̀, fáànù inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, á sì kú lójijì. Bí mo bá tún un tàn, á tún kú. Bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ nìkan ni ohùn yín kù sí láyé yìí.

Ẹ ṣáà rántí ìgbà tí mò ń gbé Ẹ̀pẹ́ nítorí iṣẹ́, tí ẹ̀yin wà nílé ní Ìkòròdú. Ìrọ̀lẹ́ ò lè ṣú ká má gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, èmi lọ́hùn-ún, ẹ̀yin níhìn-ín, tí a jọ ń pariwo mọ́ ara wa létí. Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹ̀rọ máa gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tohùn tàwòrán, kí n má baà jiyàn lọ́jọ́ kejì bí ẹ bá nà mí. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀: Bísímílà yín kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rín yín, bí ẹ ṣe máa ń bú golí yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí i. Bí èmi bá sì wá nà yín, ẹ á ní páàdì tí ẹ fi ń gbá a ló bàjẹ́. Páàdì wo ló máa ń bàjẹ́ kìkì ọjọ́ tí wọ́n bá na olówó ẹ̀ ní mẹ́ta sí òdo, Bàbá mi?

Mo ti gbìyànjú láti da gbogbo ẹ̀ kọ sórí fóònù mi. Kò ì tíì dé ìdajì tí kọ̀ǹpútà fi kú. Mo tún ṣe é, ó tún kú. Ká sòótọ́, èmi náà ò ì tíì lè gbọ́ ọ̀kankan nínú ẹ̀ látìgbà tí ẹ ti lọ. Ṣùgbọ́n kéèyàn má tíì lè gbọ́ nǹkan, kí nǹkan ọ̀hún má sì sí mọ́ rárá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Mo ti kó padà sílé kí Màámi má baà dá wà. Àárọ̀ kùtù ni mò ń wọkọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé. Bí ọkọ̀ wa bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí Agbówà, níbi tí a sin yín sí, mo máa ń kí yín lábẹ́ ahọ́n. Ṣé ẹ máa ń gbọ́? Màámi ò lè bá mi jáde, wọ́n ṣì ń ṣe opó. Pálọ̀ ni wọ́n ń wà látàárọ̀, tí àwọn èèyàn ń wá kí wọn.

Nǹkan tó ń dà mí láàmú ni pé bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kọ̀ǹpútà ti máa ń gbóná kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ò ṣiṣẹ́, kí ló ń làágùn fún? Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru eruku. Mo tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo fi ìka di fáànù mú bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo ẹ̀ mọ́. Kò gbọ́. Mo di ẹ̀bi ru sólà tí ẹ gbé sórí òrùlé. Mo di ẹ̀bi ru oòrùn ojú fèrèsé, mo sún tábìlì. Kò gbọ́. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agric, ní Ìkòròdú níbí. Ó nu nǹkan funfun bí ọṣẹ ìfọyín tó máa ń wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti fáànù ẹ̀ kúrò, ó fi tuntun sí i, ó tàn án sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó tutù nini. Mo gbé e délé, ọjọ́ kejì ló tún di ààrò. Mo gbé e padà lọ, mo sọ̀rọ̀ sí i. Ó ní, "Àǹtí mi, kò sí nǹkan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yìí o. Ẹ jẹ́ ká fi àdúà sí i." Inú bí mi, mo gbé kọ̀ǹpútà, mo bá tèmi lọ. Ẹ mọ̀ mí, ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti jogún ẹ̀.

Màámi náà sì ń bí mi nínú. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá ife omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ó kún, ẹnikẹ́ni ò mu ún. Omi àti iná! Mo pariwo, pariwo. Wọ́n á gbé e kúrò, ọjọ́ kejì ife á ti padà síbẹ̀. Òfì yín aláwọ̀ ewé náà sì máa ń wà lórí ẹ̀rọ ọ̀hún. Ìyẹn ò jọ mí lójú, nítorí ẹ̀yin lẹ fi aṣọ bíbò lélẹ̀ nílé yìí: tẹlifíṣọ̀n ní tiẹ̀, fìríìjì ní tiẹ̀, rẹ́mọ́òtù sì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá títí dòní. Mo ní eruku ni Màámi ń gbà lára ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n tètè dá wa sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn pálọ̀. Ta ni mo bá nídìí kọ̀ǹpútà? Ìyàwó yín! Àwọn tí wọ́n máa ń ní a ń pariwo bí ọmọ ìta, pé bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ ò lè yóni. Hẹ́ẹ̀dífóònù yín ńlá nì wà lórí ìborùn wọn, wọ́n dijú. Wọ́n ti yí ojú ẹ̀rọ sí ògiri. Òfì yín bo kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ló wà lórí iná, tó ń ké lábẹ́ aṣọ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú oòrùn.

Wọ́n lajú, wọ́n rí mi. Wọ́n gbé ọwọ́ lé aṣọ náà, wọ́n ní, "Ṣé mo ti pa á ni?"

Àwọn iná pupa, iná búlúù, iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lára kọ̀ǹpútà yín ni wọ́n ń fi aṣọ bò, Bàbá mi. Kí làwọn tó ń wá kí opó máa sọ bí wọ́n bá bá iná bíi ti ilé ijó nílé ọ̀fọ̀? Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án, ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn. Ẹ ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa á. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ṣi bọ́tìnì tẹ̀, ohùn yín á parẹ́. Ni wọ́n bá ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ooru á fi pa á fúnra ẹ̀. Èmi tí mo ti bínú sí gbogbo ayé, ilẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sunkún.

Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa àwọn iná náà, mo pa wọ́n. Dúdú ló wà báyìí, òun náà ti bá Màámi wọ opó. Mo ká òfì yín kúrò, Màámi gbà á, wọ́n fi bo ẹsẹ̀. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kejì mo dé, mo gbé ọwọ́ lé e, ó tutù. Mo da gbogbo ẹ̀ kọ sórí fóònù, kò kú mọ́ mi lọ́wọ́. Àmọ́ ara mi ò balẹ̀. Ooru ti ba fáànù kan jẹ́, ó ń mì, mi ò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Mo gbé fóònù fún Màámi, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ti fóònù ò ṣe é jókòó tì. Bí opó bá parí ńkọ́? Ṣé wọ́n á dìde nídìí ẹ̀? Ṣé kí n tiẹ̀ ní kí wọ́n dìde? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ, kí ni kí n ṣe?

Mo bi wọ́n léèrè ife omi yẹn. Wọ́n bọ́ hẹ́ẹ̀dífóònù lórí ara wọn, wọ́n fi í sí mi létí.

Bàbá mi, mo gbọ́ yín. Bísímílà yín, fèrè rẹfirí, èmi tí mò ń pariwo láti Ẹ̀pẹ́ pé ojoro lẹ ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ń bú golí. Nígbà tó di ìsinmi, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ yíjú sẹ́yìn, ẹ ké pe ìyàwó yín: "Àlájà mi, omi dà?"

Kì í ṣe èmi lẹ pè. Àmọ́ mi ò mọ ìgbà tí mo dìde, tí mo kọjú sí kíṣìnì. Màámi ló fà mí láṣọ.

"Jókòó," wọ́n ní. "Mo ti bù ú."

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, Bàbá mi.

Èmi ni ọmọ yín, tó ṣì ń retí abala kejì.