Kí Ni Mama Riziki Ń Fi Sí Ẹran?

Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù Keje

Placide ní òun ti rí ìyàwó. Bàbá rẹ̀ dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èmi bi í pé ọmọ ta ni. Ó kọ́kọ́ wolẹ̀. Riziki ni, ọmọ Mama Riziki, obìnrin ará Bukavu ní Kóńgò, tó ń ta ọtí lẹ́yìn ibùdókọ̀ ní àdúgbò Mbugangari.

Ilé ọtí tí kò tiẹ̀ ní pátákó orúkọ. Ọmọ tí mo fi gbogbo ara tọ́, tó ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́. Mo gbá ilé tí mo ti gbá láàárọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Donatille wá. Dona mi, tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú Gisenyi wa yìí kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní obìnrin yẹn kó wá síbí pẹ̀lú ọmọ kan àti ààrò kan tí wọ́n fi ń yan ẹran. Kò sí ọkọ. Ní báyìí, awakọ̀ tírélà, àwọn aṣọ́bodè, kódà àwọn èèyàn ńláńlá, ibẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ lọ. Ta ni í fi ilé ọtí etí adágún sílẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun lórí tábìlì, kó wá lọ jókòó sórí àga ike nínú èéfín?

Dona ní, ó ń fi nǹkan sí i ni. Mo ní, nǹkan bíi kí ni? Ó kàn gbé èjìká sókè. Ká sòótọ́, mo ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ kó tó la ẹnu.

Mo máa lọ fi ojú ara mi rí i. Kò mọ̀ mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Èmi àti Dona lọ. Mo fi ìborùn bo orí mi dé ojú.

Ọgbà páànù. Ilẹ̀kùn tó ti wọ́. O máa rò pé ibi tí wọ́n ń tún táyà ṣe ni. Inú rẹ̀ wá yàtọ̀ — orin Kóńgò ń lọ, awakọ̀ méjì ń bá ara wọn jó pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan ń fi irin ìṣígò lu tábìlì tẹ̀ lé orin. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọbìnrin kan gbé kẹ́tùlù omi wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó bù ú sí wa lọ́wọ́. Riziki ni. Mo yẹ èékánná rẹ̀ wò. Ó mọ́. Ó dùn mí díẹ̀ pé ó mọ́.

Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé bíà wá. Obìnrin sìgbọnlẹ̀, ohùn ńlá. Ó fi ìdérí ìgò hàn wá, ó ṣí i lójú wa, ó bu díẹ̀ sínú ife tirẹ̀, ó mu ún kó tó fi fún wa. Bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́ nìyẹn, bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé. Ó ṣe é dáadáa jù. Ẹni tó bá ní nǹkan tó ń fi pa mọ́ ló máa ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Ẹran pẹ́. Mo sọ fún Dona pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé ewúrẹ́ náà ni. Ìgbà tó dé — mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé kò dáa. Mi ò lè kọ ọ́. Ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n yan, etí rẹ̀ ń ta kàkà, inú rẹ̀ rọ̀, àti nǹkan kan tó kan díẹ̀, tó dùn díẹ̀, lẹ́yìn ata, tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dona ò sọ̀rọ̀ títí ó fi jẹ ẹ́ tán, Dona yìí o.

Ẹran kì í ṣàdédé dùn báyẹn.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àlùfáà ń wàásù, èmi ń ronú nípa ẹran. Ṣé kò wá sí nǹkan níbẹ̀ báyìí?

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo tún lọ. Ìwádìí ni. Sambaza, ẹja kéékèèké inú adágún, ni lónìí, wọ́n dín in gbẹ, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Mo jẹ ẹ́ tòun torí.

Mama Riziki fa àga, ó jókòó tì mí, ó tún tọ́ ọtí wò fún mi. Ó wá ní, “Màmá Placide, ẹ ṣí ìborùn yẹn, ooru mú. Iwájú orí yín kọ́ ni ọmọ yín gbé kiri yìí?” Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti mọ̀ mí. Ojú tì mí. Mo fi ìtìjú bínú, mo bi í ní tààrà pé kí ló ń fi sí ẹran. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ tí a bá di àna lòun máa sọ.

Ṣé o gbọ́? Ó fẹ́ fi ẹran gba ọmọ mi. Mo sọ ọ́ fún Dona lójú ọ̀nà, pé oògùn ni, ó ti dá mi lójú. Dona ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá Placide ní ká pè wọ́n wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Ọkùnrin yìí, gbogbo ayé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo yá ife ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lọ́wọ́ Dona. Mo rí i níbi ìgbéyàwó kan ní òtẹ́ẹ̀lì bí wọ́n ṣe ń bu ọtí sínú ife ní yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n á tò ó sórí àwo pẹrẹsẹ, tí wọ́n á gbé e wá. Ó wuyì. Kí obìnrin yẹn rí i pé kì í ṣe gbogbo wa là ń mutí lẹ́nu ìgò.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti bà á jẹ́.

Wọ́n wá, ìyá àti ọmọ, wọ́n múra dáadáa. Mo gbé ọtí jáde, nínú ife, lórí àwo, bí mo ṣe rò ó. Mo fún Mama Riziki ní tirẹ̀. Ó gbà á. Ó wo inú rẹ̀. Ó wò mí. Ó ń dúró. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń dúró dè — mo ń wo ife, mo ń ronú pé ó rẹwà. Bàbá Placide ń mi orí sí mi, mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Kò sẹ́ni tó rí ìgò. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tí mo ṣí i. N kò sì tọ́ ọ wò.

Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní òun ti yó kí òun tó wá. Wọn ò fọwọ́ kan ìrẹsì, wọn ò fọwọ́ kan ẹran. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Mo ti tọ́ ọ wò fún yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ wá sọ́dọ̀ mi, Màmá Placide.” Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ ti pariwo.

Mo kọ́kọ́ bínú gidigidi. Ṣé apànìyàn ló pè mí ni?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Placide kọjá lára mi láàárọ̀ bí ẹni tó kọjá lára ògiri.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Riziki ò gbé fóònù Placide mọ́. Ọmọ mi kò jẹun. Mo gbọ́ tó ń sunkún ní bálùwẹ̀, tó ṣí omi sílẹ̀ kí a má bàa gbọ́.

Mo fún Dona lọ́rùn, ó jẹ́wọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ló ti sọ fún pé èmi, Veneranda, ní oògùn wà nínú ẹran. Kó tó di Sátidé, aṣọ́bodè kan ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójú Mama Riziki. Ó ti gbọ́ ọ o, ó ṣì múra, ó wá sílé mi. Ìyẹn ni mo wá gbé ọtí tí kò sẹ́ni tó rí i ṣí lé lọ́wọ́.

Mo sọ fún Bàbá Placide pé ó yẹ kí Mama Riziki mu ún. Ó bi mí pé ká ní èmi ni, ṣé màá mu ún. Èmi ì bá ti fo fèrèsé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo dá lọ. Ọ̀sán gangan, ibẹ̀ kún. Mo jókòó láàárín gbùngbùn, láìbo orí.

Riziki gbé ìgò àti irin ìṣígò wá. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní kó gbé e padà, kí wọ́n ṣí i nínú ilé, kí wọ́n bù ú sínú ife, kí wọ́n wá gbé e fún mi. Ó ní, “Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.” Mo ní, “Ọmọ mi, lọ ṣe é.” Mi ò tíì pè é ní ọmọ mi rí. Wọ́n ti pa orin.

Ìyá rẹ̀ ló gbé ife náà jáde. Ó pẹ́ kó tó jáde, mo sì bẹ̀rù, mi ò ní purọ́ fún ìwé tèmi. Ó ní, “Ẹ ò rí i nígbà tí mo ṣí i.” Mo ní mi ò rí i. Ó gbé ife lọ sẹ́nu, mo ní rárá, kó má tọ́ ọ wò. Ó fún mi. Mo mu ún dé ìsàlẹ̀ láìmí.

Mo wá dìde, mo sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́: ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ti jáde, irọ́ ni, ẹran náà dùn ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ kan ní ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Mama Riziki padà sídìí ààrò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ẹran wá fún mi, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn wálé.

Inú mi ń kùn. Ọtí lórí inú òfìfo ni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyẹn. Tí mi ò bá jí, Bàbá Placide, ẹ bá mi dá àwọn ife Dona padà.

Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Mo jí.

Mo ṣì ń wá bàtà ilé mi nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mama Riziki ni, tòun ti fìláàsì tíì lábẹ́ apá. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní òun wá wò ó bóyá mo jí ni. Mo ní mo jí. Ó ní ó ṣeni láàánú, òun ti ń ronú aṣọ tí òun máa wọ síbi ìsìnkú mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú, mo sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Placide yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láìwẹ̀wù, ó ń wò wá bí ẹni tí kò mọ èwo ni kóun gbà gbọ́. Mama Riziki sọ fún un pé kó lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì kó lọ pe Riziki wọlé, pé ọmọ náà wà níta nínú òtútù, ó ń tijú.

A jókòó. Ó da tíì sínú ife, ó gbé e lọ sẹ́nu láti tọ́ ọ wò fún mi, bó ṣe máa ń ṣe. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kan ètè rẹ̀. Ó gbóná, mo sì mu ún.