Bí Ẹnu Yín Ṣe Ń Pe Ulé

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí kò ní dé ọ̀dọ̀ yín, síbẹ̀ mò ń kọ ọ́. Láti ọjọ́ Sátidé tí a ṣe ìrántí ọdún kan ikú yín ní Ìkẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. Ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún, á ní kí n gbàgbé, kí n gbàdúrà. Ilé wa ṣì wà. Òjò bá ògiri ẹ̀yìn jà díẹ̀, Àńtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, sì pe bíríkìlà mìíràn kó wá rẹ́ ẹ. Tí ẹ bá rí ohun tí ọkùnrin náà ṣe, ẹ̀ bá ti ní kó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an ní Èkó? Abẹ́ igi máńgòrò ni ẹ jókòó sí, pẹ́ńsùlù wà lẹ́yìn etí yín, sìmẹ́ǹtì ò tíì kúrò lọ́wọ́ yín. Mo ní àwòrán ni mò ń mú rìn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ bèèrè bí àwòrán ṣe ń rìn. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé kò lè yé yín, Ọlọ́run ló kó mi yọ. Mo mú fóònù mi, mo fẹ àwòrán kan lójú rẹ̀ títí ó fi pín sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Mo ní píksẹ́lì là ń pè é, pé àwọ̀ mẹ́ta péré, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ni ẹ̀rọ ń pò pọ̀ tí gbogbo àwọ̀ yòókù fi ń jáde. Ẹ wò ó pẹ́. Ẹ wá ní búlọ́ọ̀kù ni, ó tán, pé uṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣe. Kò tíì sí olùkọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín "uṣẹ́", bí a ṣe ń pe iṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ni mo rín.

Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọ́fíìsì wa, mo máa ń tan ohùn tí ẹ bá gbà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù sókè. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í sín yín jẹ: ulé, uṣu, uṣẹ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in, ojú sì tì mí dénú egungun. Nígbà tí mo wálé fún Àjíǹde, mo ní kí ẹ máa sọ Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò tí ẹ bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ò jà. Ẹ ò tilẹ̀ bèèrè ìdí. Ẹ kàn mi orí, ẹ sì ṣe é. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohùn yín tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ń dún bí ẹni tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó kọ́kọ́ húkọ́, ẹ ó wá rọra tò ó lẹ́sẹẹsẹ: iṣẹ́, iṣu, ilé. Ǹjẹ́ ó dùn yín? Kí ló dé tí ẹ ò fi bú mi?

Oṣù mẹ́ta ni ẹ fi ń sọ fún mi pé kí n wá sílé. Ẹ ò sọ pé ara yín ò yá. Èmi ń ya ewúrẹ́ kan tó ń fọ eyín, fún ìpolówó ọjà. Àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń kọjá lójú ẹni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo kí ewúrẹ́ tó lè dà bí ẹni tó ń mira. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró gbagidi, ojú wa ló ń tàn wá jẹ pé wọ́n ń rìn. Mo ní tí mo bá parí rẹ̀, mo ń bọ̀. Ìgbà tí mo parí rẹ̀, Àńtí Bọ́sẹ̀ ló pè mí, kì í ṣe ẹ̀yin.

Òun náà ló ní kí n mú yín rìn fún ọjọ́ ìrántí. Ó ní ṣebí iṣẹ́ mi ni, ṣé ewúrẹ́ nìkan ni mo lè mú sọ̀rọ̀ ni? Ẹ ò fẹ́ràn kámẹ́rà, nítorí náà fọ́tò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì nìkan la rí, tí ojú yín ò tó èékánná mi nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́, ó fọ́. Mo wá fi ìlà tún ojú yín yà, torí àwòrán onílà kì í fọ́ bó ti wù ká fẹ̀ ẹ́ tó. Mo ya orí lọ́tọ̀, ojú lọ́tọ̀, ẹnu lọ́tọ̀, mo tò wọ́n léra wọn. Ibi ojú ṣíṣẹ́ ni mo ti dúró. Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣẹ́jú. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ ọmọ yín, mi ò wò yín tó bẹ́ẹ̀.

Ohùn yín tó wà nínú fóònù mi ni mo fi sí i: "Máa bọ̀ wá sílé." Mo ya ẹnu yín bá a mu. Fún "i", ètè á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fi ránṣẹ́ sí Àńtí Bọ́sẹ̀, mo ń retí kó yìn mí. Ó pè mí padà, ó ń sunkún.

"Ta rè é? Bàbá mi ò pe ilé rí láyé rẹ̀. Ulé ni!"

Mi ò lè jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu yín. Mo wá gbogbo ohùn tó wà lọ́wọ́ mi, àwọn ti ìṣáájú ti bá fóònù mi àtijọ́ lọ, mi ò rí ulé kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu jù. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Èyí tí mo sọ sílẹ̀ ní Àjíǹde ọjọ́ náà ti fọ́ tipẹ́. Mo wá yọ ohùn yẹn kúrò pátápátá. Mo tún ẹnu yín yà ní "u", ètè tó sún pọ̀ tó sì yọ síwájú bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Mo gbé e lọ sílé láìní ohùn kankan.

Pálọ̀ wa ni a ti wò ó, lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ yọ lójú rẹ̀, ẹ ṣẹ́jú, ẹ wò wá, ẹnu yín sì mira. Kò sí ohùn. Ẹ̀gbọ́n yín, Yèyé, tí kò ríran dáadáa mọ́, sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Mo gbọ́ o, àbúrò mi. Wá súlé ni ó wí."

Bàbá mi, kò sẹ́ni tó dá ẹkún dúró. Àńtí Bọ́sẹ̀ ní kí a tún un tàn. Bí ẹnu yín ṣe tún mira, gbogbo wọn bá yín sọ ọ́ pa pọ̀, Yèyé, Àńtí, àwọn ọmọ Àńtí, àwọn aládùúgbò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà: Wá súlé! Wá súlé! Gbogbo wọn sì yíjú sí mi, torí èmi nìkan ni ẹ máa ń sọ ọ́ fún.

Èmi náà la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, bàbá mi, mo fẹ́ sọ ọ́ gan-an. "Sílé" ló jáde.

Èmi ni, ọmọ yín tó pẹ́ kó tó dé.