Òsúkè Ọmọ Láyí

Festac, ọjọ́ Ẹtì, 1978

Ọwọ́ ń ro mí, agbára káká ni mo fi di bírò mú.

Láti ọjọ́ Ajé la ti ń yí àwo rédíò tó ń gbé ohùn tẹlifóònù lórí òrùlé wa, kó lè kọjú sí ti Láyí, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ní Àgbádárìgì. Ariwo bí òjò lórí páànù nìkan là ń gbọ́.

Lẹ́yìn tí Láyí ti lọ síbẹ̀ nìyàwó rẹ̀ bímọ, ní Agboju níbí. Lónìí, mo ní kó wá bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń yí àwo. Ojú tì í. Ó kàn gbé tẹlifóònù sẹ́nu ọmọ.

Mo yí àwo díẹ̀. Láyí pariwo débi tí èmi náà fi gbọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yí i mọ́ o! Mo ń gbọ́ òsúkè ọmọ mi!"

Mo fi sípánà fún àwọn nọ́ọ̀tì tó di àwo náà mú pinpin, bí ẹni pé olè fẹ́ jí ọmọ náà gbé.